Iná lọ, kọ̀ǹpútà kò wọlé mọ́: yíyẹ root wò kí ẹ̀rọ tó jí tán

Atẹ̀wé Àgọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì l'Àgọ́-Ìwòyè. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ubuntu, irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mo ń lò láti bí ọdún 3, háàdì rẹ̀ jẹ́ 500 GB, irú èyí tó ń yí, kì í ṣe SSD.

Lálẹ́ àná, ibi tí mo ti ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì ọmọ kan ni iná ti lọ. Epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, UPS, àpótí bátìrì tó wà nídìí ẹ̀rọ náà, kò sì lè gbé e fún ìṣẹ́jú kan mọ́. Iná padà dé, mo tan ẹ̀rọ, iná tún lọ kó tó wọlé tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, kò dé ibi tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Ohun tó ń kọ sójú rèé:

`/dev/sda2 contains a file system with errors, check forced.`
`/dev/sda2: UNEXPECTED INCONSISTENCY, RUN fsck MANUALLY.`
`fsck exited with status code 4`
`The root filesystem on /dev/sda2 requires a manual fsck`

Lẹ́yìn náà ó kọ initramfs, ó wá dúró, ó ń retí kí n tẹ nǹkan. Ẹni tó máa ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní kí òun fọ gbogbo rẹ̀ nù, kí òun fi Ubuntu mìíràn sí i. Prójẹ́ẹ̀tì tó lé ní 40 ló wà níbẹ̀, ọjọ́ Ajé ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ fi tiwọn sílẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ pátápátá ni?

Ọmọ Ṣàgámù, Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ háàdì yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí lójú ẹ̀rọ, fáìlì àwọn ènìyàn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ibi tó wà kò ní ṣèèṣì gba ọ̀nà òdì. Root ni ibi tí gbogbo fáìlì Linux dúró lé, èyí tí wọ́n ń fi ìlà dídagun kan, `/`, tọ́ka sí. Orí rẹ̀ ni Ubuntu fúnra rẹ̀ wà. Orí rẹ̀ náà ni fsck wà, ìyẹn ohun èlò tó ń yẹ ètò fáìlì (bí wọ́n ṣe to fáìlì sórí háàdì) wò tó sì ń tún un ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: a kò gbọ́dọ̀ tún ètò fáìlì ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó bá ti jí kò lè ṣe kó má kọ nǹkan sí root. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò root fi gbọ́dọ̀ wáyé ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó jí nínú ilé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. GRUB, ètò tó ń kọ́kọ́ jí ẹ̀rọ, á gbé nǹkan méjì sínú ráàmù: kernel tó jẹ́ ọkàn Linux, àti àpò kékeré kan tó ń jẹ́ initramfs. Ẹ wo àpò yìí bí àtíbàbà táwọn bíríkìlà máa ń kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń mọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn títí ilé á fi ṣeé wọ̀. Ẹ̀dà fsck kan wà nínú àtíbàbà yẹn, nítorí náà kò nílò root láti fi ṣiṣẹ́. Tí ó bá yẹ root wò tí ó rí i pé ó pé, wọ́n á ṣí root, ẹ̀rọ á kó wọlé, àtíbàbà á sì di pípa tì.

Tiyín kò pé. Lọ́jọ́ gbogbo, fsck máa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní preen: ohun kéékèèké tí kò léwu nìkan ló ń tún ṣe láìbi ẹnikẹ́ni. Tí ó bá kan ohun tó lè mú kí fáìlì sọnù, ó máa dúró, á ní kí onílé wá. Òun ni 4 tí ẹ rí yẹn. 0 ni pé kò sí nǹkan kan. 1 ni pé ó rí àṣìṣe, ó sì ti tún un ṣe. 2 ni pé ó ti tún un ṣe ṣùgbọ́n kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. 4 ni pé àṣìṣe kan ṣì wà nílẹ̀. 8 ni pé fsck fúnra rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n máa ń ro wọ́n pọ̀, tí ẹ bá rí 3, 1 àti 2 ni.

Nínú àtíbàbà ni ẹ wà báyìí. Àṣẹ tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni `fsck /dev/sda2`. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ dúró kí àwọn tó kù sọ̀rọ̀, torí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ bí ara háàdì yẹn ṣe rí.

Onípákó, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú àjọrò o. Èmi ní tèmi, àyẹ̀wò yìí ti sú mi. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa níbi tí a ti ń la pákó máa ń pẹ́ kó tó wọlé bí iná bá ti lọ. Ẹnì kan kọ́ mi pé kí n tẹ `e` lójú GRUB, kí n fi `fsck.mode=skip` sí ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `linux`, kí n wá tẹ Ctrl àti X. Ó wọlé wàrà. Mo ti wá fi sínú `/etc/default/grub` kó máa rí bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé lè gbìyànjú rẹ̀ kí wọ́n lè rí iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn gbà jáde.

Ìyá Àjọ, Ìjẹ̀bú-Òdè

Àbúrò mi Onípákó, mo bẹ̀ ọ́, yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú GRUB rẹ lónìí. Ìwọ náà Atẹ̀wé, má ṣe é o.

Èmi ni mò ń bójú tó ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òdè níbí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, ọ̀pọ̀ wọn ní Òkè-Àjẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ àjọ sọ ohun tó wà nínú háàdì. Alájọ tó mọṣẹ́ máa ń ní ìwé méjì. Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ nǹkan sí ní kánmọ́kánmọ́ níwájú oníbàárà: ìyá báyìí san 500 náírà. Bó bá délé, á wá gbé e sínú ìwé ńlá, á sì fa igi lé ti ọwọ́. Bí òjò bá pa á lọ́nà, ìwé ọwọ́ ló máa wò láti mọ ibi tó bá a dé. Ohun tí ext4, ètò fáìlì tí Ubuntu ń lò, ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìwé ọwọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní journal. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á ka journal nígbà tó bá tún jí, á parí ohun tó kù, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń gbà. Láyé ext2, kò sí ìwé ọwọ́ kankan, ìwé ńlá ni wọ́n ń tú láti ojú ewé kìíní dé ìparí ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Ọdún 2001 ni ext3 wọnú Linux pẹ̀lú journal, ext4 tẹ̀lé e ní 2008.

Ṣùgbọ́n journal kò lè wo gbogbo ààrùn sàn. Bí háàdì fúnra rẹ̀ bá ń kú lọ, tàbí tó sọ pé òun ti kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí kò tíì kọ ọ́, ìwé ńlá á dàrú. Nígbà náà ni ẹ ó bá ibì kan lórí háàdì tí fáìlì méjì ń sọ pé tèmi ni. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ kan tí wọ́n tà fún ènìyàn méjì. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí o bá wá ní kí ẹ̀rọ má ṣe àyẹ̀wò, kó kàn wọlé, ńṣe lo ní kí ẹni kẹta wá ra ilẹ̀ yẹn, kó sì bẹ̀rẹ̀ ilé. Gbogbo fáìlì tuntun tí Onípákó ń kọ báyìí, ó lè jẹ́ orí fáìlì ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́ sí, kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tó bá nílò èyí tó ti pẹ́.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 2021, ẹ̀rọ wa dúró síbi tí ti Atẹ̀wé dúró sí yìí. Mo pe ẹnì kan lórí fóònù, ó ní kí n tẹ `fsck -y`, mo tẹ̀ ẹ́. `-y` yẹn túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè. Ó tún nǹkan ṣe fún bíi wákàtí 2, ìró kan wá ń dún nínú háàdì bí ẹni ń fi èékánná họ páànù. Nígbà tó parí, ìwé owó ọdún 2 kò sí mọ́. Háàdì ló ń kú láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì ní kó máa ṣiṣẹ́ agbára nígbà tó yẹ ká jẹ́ kó sinmi. Inú káàdì àwọn ìyá náà, èyí tí wọ́n fi sínú àpò ìlẹ̀kẹ̀ àti abẹ́ àpótí, la ti padà kó gbogbo rẹ̀ jọ, ọ̀sẹ̀ 5 ló gbà wá. Nítorí náà, àbúrò mi, ẹ̀dà lákọ̀ọ́kọ́. Àtúnṣe lẹ́yìn.

Onípákó, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ojú mi ti là. Mo ti yọ ọ́, mo sì ti ṣe `update-grub`. Ẹ̀rọ náà tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò bó ṣe ń tàn, ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé.

Ọmọ Ṣàgámù, Ṣàgámù

Ìyá wa ti sọ ọ́ dé ibi tí mo fẹ́ kó dé. Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé, ẹ má fò ọ̀kan kọjá.

Ẹ yá fíláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, tàbí kí ẹ lo kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín láti ṣe ọ̀kan. Ẹ fi tan ẹ̀rọ yín, ẹ yan kí ẹ kàn dán an wò. Ẹ MÁ yan pé kó wọ orí háàdì o. Ẹ wá ṣí ohun èlò tó ń jẹ́ Disks, ẹ tẹ háàdì 500 GB yẹn, kí ẹ lọ sí SMART Data, àkọsílẹ̀ ìlera háàdì. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà méjì ni kí ẹ bá mi wò: iye ibi tí háàdì ti pa tì tó sì ti fi òmíràn rọ́pò, Reallocated Sector Count, àti iye ibi tó ń ṣiyèméjì lé lórí lọ́wọ́lọ́wọ́, Current Pending Sector Count. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì síbí.

Lẹ́yìn náà, ẹ so háàdì ìta kan mọ́ ọn, kí ẹ ṣí root yín ní kíkà nìkan:

`sudo mount -o ro,noload /dev/sda2 /mnt`

`ro` ni pé a kò ní kọ nǹkan kan sí i. `noload` ni pé kó má fọwọ́ kan journal pàápàá. Tó bá ṣí, àwọn fáìlì yín á wà ní `/mnt/home`. Ẹ dà wọ́n kọ, èyí tí ọjọ́ Ajé ń lé ni kó ṣáájú.

Tí nọ́ńbà Pending yẹn bá pọ̀, ẹ má da fáìlì kọ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ lo ddrescue, package rẹ̀ ń jẹ́ gddrescue ní Ubuntu. Ó máa kó gbogbo háàdì lódindi bí ó ti rí, ibi tó dára ló ń kọ́kọ́ kó, á sì kọ ibi tó le sílẹ̀ kó lè padà wá síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlíṣàn, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè tó jọ ọ́. Èmi ní Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré, tó ń ka bí omi ṣe ń gbóná nínú adágún ẹja tí bàbá mi ń sìn. Gbogbo ìgbà tó bá ń tàn ló máa ń kọ pé `Warning: fsck not present, so skipping root file system`. Mo rò pé kò ṣe nǹkan kan torí ó ń wọlé. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìyá wa ni ẹ̀rù bà mí. Debian, irú Linux mìíràn, ni mo gbé sí i fúnra mi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún Pi.

Ọmọ Ṣàgámù, Ṣàgámù

Ó dára tí o béèrè. Àtíbàbà rẹ kò ní irinṣẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n ń di initramfs, wọ́n máa ń wo `/etc/fstab` láti mọ irú ètò fáìlì tí root jẹ́, kí wọ́n lè mọ fsck tí wọ́n máa kó dání. Tí root kò bá sí nínú fstab, tàbí tí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà rẹ̀ bá jẹ́ 0, wọn kò ní kó nǹkan kan. Nọ́ńbà ìparí yẹn ló ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò: 1 fún root, 2 fún àwọn yòókù, 0 fún èyí tí a kò fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ìlà rẹ yẹ kó rí báyìí, kí o fi UUID tìrẹ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí `blkid` bá fi hàn ọ́, sí i:

`UUID=tìrẹ / ext4 errors=remount-ro 0 1`

Lẹ́yìn náà, `sudo update-initramfs -u`. Tún un tàn, kí o wá ka `/run/initramfs/fsck.log`. Wàá rí ohun tó ṣe níbẹ̀.

Mo fi `errors=remount-ro` síbẹ̀ nítorí pé tí ẹ̀rọ bá rí àṣìṣe lójú iṣẹ́, á ti ara rẹ̀ sí kíkà nìkan kó má baà bà á jẹ́ sí i. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún Pi fúnra wọn máa ń ní `fsck.repair=yes` nínú `cmdline.txt`, torí pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní ojú tàbí bọ́tìnì tí ènìyàn á fi dáhùn ìbéèrè. Fún ẹ̀rọ tó wà létí adágún, mo fara mọ́ ọn. Fún ẹ̀rọ tí iṣẹ́ àwọn ènìyàn wà lórí rẹ̀, rárá. Jẹ́ kó dúró, kó pè ọ́.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rí, Ìjẹ̀bú-Òdè

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, torí àwọn kan tó ń ka ibí yìí ń lo Fedora, irú Linux mìíràn, bíi tèmi. Tí root yín bá jẹ́ Btrfs tàbí XFS, àwọn ètò fáìlì tí kì í ṣe ext4, fsck ti àkókò títàn kì í ṣe nǹkan kan. Á kàn dáhùn pé ó dára, á kọjá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: XFS ń ka journal tirẹ̀ nígbà tó bá ń ṣí. Àtúnṣe tirẹ̀ ni `xfs_repair`, tó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣí i kó lè ka journal, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sáré lọ sí `-L`, torí pé ó ń ju journal nù pátápátá ni. Ní ti Btrfs, ẹ jìnnà sí `btrfs check --repair` títí ẹ ó fi dá gbogbo nǹkan kọ síbòmíràn. Ó ti sọ wàhálà kékeré di ńlá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Atẹ̀wé Àgọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú àdúrótì. Mo rí fíláàṣì yá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Nọ́ńbà tí Disks fi hàn: Reallocated 16, Pending 8. Ó ṣí pẹ̀lú `ro,noload`! Mo rí fódà mi gbogbo. Mo ń dà wọ́n kọ sórí háàdì ìta báyìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìbéèrè: `/dev/sda` ni tàbí `/dev/sda2` ni mo máa fi fsck yẹ̀ wò? Àti pé ṣé mo lè ṣe é láti inú fíláàṣì yìí, tàbí kí n padà sí initramfs?

Ìyá Àjọ, Ìjẹ̀bú-Òdè

Ọlọ́run ṣeun! Jẹ́ kó dà á kọ tán, má ṣe nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Bí o bá parí, ṣí fáìlì mẹ́ta mẹ́rin lórí háàdì ìta yẹn kí o rí i pé ó ka dáadáa. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò kì í ṣe ẹ̀dà.

Ọmọ Ṣàgámù, Ṣàgámù

`/dev/sda2` o, ẹ̀gbọ́n. `/dev/sda` ni háàdì lódindi, 2 yẹn ni yàrá tí root wà. Tí ẹ bá fi fsck bá odindi háàdì, á ní òun kò rí superblock, ìyẹn ojú ewé tó ṣàpèjúwe ètò fáìlì. Àwọn kan máa ń rí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n á rò pé háàdì ti kú.

Ẹ ṣe é láti inú fíláàṣì, ibẹ̀ rọrùn. Ẹ kọ́kọ́ tú u sílẹ̀: `sudo umount /mnt`. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fsck lórí ohun tó bá ṣí sílẹ̀ fún kíkọ láéláé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe èyí tí kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan:

`sudo e2fsck -fn /dev/sda2`

`n` ni pé rárá sí gbogbo ìbéèrè. Ẹ ó rí ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Ìpele 5 ló ń gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa wo káàdì fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn inode, àti àyè tó ní òun gbà. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ènìyàn méjì ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn fódà, lẹ́yìn náà bóyá ọ̀nà wà láti root dé fódà kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kẹrin, ó máa ka iye orúkọ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ìkarùn-ún ni ìṣirò àyè tó ṣófo. Tí gbogbo ìkùnsínú rẹ̀ bá wà ní ìkarùn-ún, ẹ lè mí. Ìṣirò lásán ni, kò kan fáìlì yín. Tó bá jẹ́ ìkíní àti ìkejì ló kún, ẹ dúpẹ́ pé ẹ ti ní ẹ̀dà.

Tí ẹ bá ti wò ó tán, `sudo e2fsck -fy /dev/sda2`. Mo mọ ohun tí `-y` ṣe fún ìyá wa. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀dà bá ti wà nílẹ̀, èmi kò rí èrè tó wà nínú dídáhùn ìbéèrè 300 lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí a kò mọ ohun tí inode 131842 jẹ́. Ṣíṣe é láìní ẹ̀dà ló burú.

Tí ó bá ní òun kò rí superblock rárá, ẹ má sunkún. ext4 máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri. Lórí èyí tí blọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ 4096, ọ̀kan wà ní 32768: `sudo e2fsck -b 32768 /dev/sda2`.

Onísólà Ìpẹru, Ìpẹru-Rẹ́mọ

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ dé. Gbogbo yín ń tọ́jú ẹni tó ṣubú, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa kòtò tó gbé e ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, ìgbà tí iná lọ lẹ́ẹ̀kan kọ́ ló pa yín lára tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ tún tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí iná ń wá tó ń lọ ni. Àkókò tí ẹ̀rọ ń jí, tó ń ka journal, tó ń tún root ṣe, gan-an ni kò yẹ kí iná lọ. Tí iná bá dé níbi tiwa níbí, mo máa ń ka ìṣẹ́jú 15 kí n tó tan ohunkóhun. Ẹ ra bátìrì tuntun sínú UPS yẹn, kò pọn dandan kí ẹ pààrọ̀ odindi rẹ̀. Tí UPS náà bá ní ihò USB, ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbé NUT sí i, ètò kan tó ń bá UPS sọ̀rọ̀. Bí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, á pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tó yẹ, bí ẹ kò tilẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kejì, ẹ wo aago inú ẹ̀rọ. Bátìrì kékeré kan wà lórí pákó rẹ̀, pelebe bí kọ́bọ̀, CR2032. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún. fsck á wá wo root, á rí i pé ọjọ́ tí wọ́n ṣí i kẹ́yìn ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, `Superblock last mount time is in the future`, á sì máa ráhùn. Mo ti rí ènìyàn tó pààrọ̀ háàdì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tó jẹ́ pé bátìrì CR2032 kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ rẹ̀ nílò.

Ọmọ Ṣàgámù, Ṣàgámù

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa aago yẹn, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Onípákó, kí n má gbàgbé ìwọ náà. Nítorí pé o ti ń fò àyẹ̀wò kọjá tipẹ́, dá fáìlì rẹ kọ, kí o wá tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú `fsck.mode=force` lójú GRUB, lórí ìlà tí o kọ́kọ́ fi skip sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, má fi sínú `/etc/default/grub`. Á tú ìwé ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí bí ó tilẹ̀ rò pé ó mọ́. Má ṣe é lọ́jọ́ tí iná bá ń ṣe ségesège. Má sì yí `ro` tó wà lórí ìlà yẹn sí `rw`. Kernel gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí root ní kíkà nìkan kí àyẹ̀wò lè rí àyè. Tí systemd, ètò tó ń jí àwọn nǹkan yòókù, bá bá root ní ṣíṣí fún kíkọ, kò ní yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Tí o bá fẹ́ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀ lóòrèkóòrè, `sudo tune2fs -c 30` pẹ̀lú orúkọ yàrá root rẹ. Lẹ́yìn tí o bá ti ṣí i nígbà 30, á ṣe àyẹ̀wò kíkún. Wọ́n ti pa èyí láti ilé lórí àwọn ètò fáìlì tuntun. Tí o bá ṣe `tune2fs -l`, wàá rí -1 níbi Maximum mount count.

Atẹ̀wé Àgọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ó ti wọlé! Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti wọlé!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá bọ́ sí irú rẹ̀ lè kà á. `-fn` fi hàn pé ìpele kìíní ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì wà níbẹ̀ lóòótọ́, fáìlì 4 ló kàn. Ìpele karùn-ún kún fọ́fọ́. `-fy` lò tó ìṣẹ́jú 25. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ní kò sí nǹkan kan mọ́. Mo yọ fíláàṣì, mo tan ẹ̀rọ, ó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Mo rí fódà `lost+found` tó ní fáìlì 11, nọ́ńbà ni orúkọ gbogbo wọn. Mo lo àṣẹ `file` láti mọ irú ohun tí wọ́n jẹ́. Méje nínú wọn jẹ́ ti Ubuntu fúnra rẹ̀, mẹ́rin jẹ́ ìwé tí mo tẹ̀. Mo ṣí wọn, mo fún wọn lórúkọ wọn padà. Prójẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kò ṣí mọ́, èyí tí mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Mo pe ọmọbìnrin tó ni ín, ó ní orí kìíní dé ìkẹta ti wà nínú ímeèlì òun, orí kẹrin nìkan ló kù tí mo máa tún tẹ̀. Mo ti sọ fún un pé mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ìyá Àjọ, Ìjẹ̀bú-Òdè

Inú mi dùn dé ọkàn. Ṣùgbọ́n 8 yẹn ṣì wà lórí Pending, àbúrò mi. Ra háàdì mìíràn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Títí yóò fi dé, orí èyí tó wà níta ni kí o máa tẹ iṣẹ́ sí.

Atẹ̀wé Àgọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Mo ti gbọ́, mà. SSD 240 GB ni mò ń lọ rà ní Ìjẹ̀bú-Òdè lọ́la, òun àti bátìrì UPS. Mo ti kọ `fsck.mode` àti nọ́ńbà 0, 1, 2, 4, 8 sórí páálí kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ, kí ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ lè rí i tí mi ò bá sí nílé.